“Canary in the Coal Mine”: Ìtọ́sọ́nà Fún Ẹni Tó Fẹ́ Mọ Ìtumọ̀ Rẹ̀ Dénú, Tó sì Fẹ́ Lò Ó Bó Ṣe Yẹ

Ẹni tó bá ń ka ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì déédéé kò ní ṣàì bá “canary in the coal mine” pàdé. Báǹkì kékeré kan dẹnu kọlẹ̀, oníròyìn ní canary ni. Àkèré ń kú lódò, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní canary ni. Ọ̀pọ̀ nínú wa á tú u sí “àmì ewu”, a ó sì ṣí ojú ewé kejì. Ìtumọ̀ yẹn kò burú, ṣùgbọ́n kò dé ìdí ọ̀rọ̀. Àmì ewu pọ̀ lóríṣiríṣi. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wọn la lè pè ní canary. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí á máa fi àkànlò èdè náà síbi tí kò bá a mu, ẹni tó gbọ́ èdè náà dáadáa á sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ṣe ló há a sórí. Ẹ jẹ́ ká tọ̀ ọ́ láti gbòǹgbò.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹyẹ náà ń ṣe nínú kòtò

Canary jẹ́ ẹyẹ kékeré tí àwọ̀ rẹ̀ sábà máa ń dà bí ìyeyè, tó sì mọ orin í kọ. Erékùṣù Canary, tó wà nínú òkun létí Mòrókò, tó sì jẹ́ ti Sípéènì, ni wọ́n ti kó o dé Yúróòpù, ibẹ̀ ló sì ti gba orúkọ. Nítorí orin rẹ̀ ni àwọn èèyàn fi ń sìn ín nílé.

Èédú tí à ń sọ kì í ṣe èédú igi tí wọ́n fi ń yan àgbàdo létí títì. Èédú ilẹ̀ ni, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí wà ní Enugu ní 1915. Ní Wales, Scotland àti àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló ń fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn wà á nínú kòtò tó jìn gidigidi, tó ṣókùnkùn, tí atẹ́gùn kò fi bẹ́ẹ̀ dé.

Òrùlé kòtò lè wó lu èèyàn, omi lè ya wọlé, ṣùgbọ́n gáàsì ni ohun tí kì í jẹ́ kí ọkàn awakùsà balẹ̀. Wọ́n ní orúkọ fún oríṣiríṣi rẹ̀. “Firedamp” ni èyí tó máa ń gbiná, tó sì ń bú gbàmù. “Afterdamp” ni àdàpọ̀ afẹ́fẹ́ olóró tó máa ń gba inú kòtò kan lẹ́yìn tí iná bá ti bú tán, carbon monoxide sì ni apànìyàn tó wà nínú rẹ̀. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í ta èèyàn nímú. Ó máa ń so mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju bí ọ́síjìn ṣe ń so mọ́ ọn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200, tó fi jẹ́ pé èyí tó kéré nínú afẹ́fẹ́ ti tó láti gba àyè ọ́síjìn mọ́ ọn lọ́wọ́. Orí á kọ́kọ́ máa fọ́ èèyàn, oorun á máa kùn ún, ẹsẹ̀ á kọ̀, ó parí.

Gáàsì kan náà yìí ló ń jáde nínú èéfín jẹnẹrétọ̀ tí à ń tàn sí kọ́rídọ̀ tàbí sábẹ́ fèrèsé, tó sì ti pa odidi ìdílé mọ́jú láàárín wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e jìnnà sí ilé. Kò sí ẹyẹ kankan lọ́dọ̀ yín tó máa kọ́kọ́ ṣubú kó tó kàn yín.

Ní oṣù kìíní ọdún 1896, iná bú gbàmù nínú kòtò èédú Tylorstown ní gúúsù Wales, ó sì pa èèyàn 57. John Scott Haldane, ọmọ Scotland kan tó mọ̀ nípa bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́, lọ yẹ òkú wọn wò. Ó rí i pé kì í ṣe iná tàbí agbára ìbúgbàmù ló pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Carbon monoxide ni, àwọ̀ pupa tí gáàsì náà máa ń fún ẹ̀jẹ̀ ló sì tú àṣírí. Nínú ìjábọ̀ tó ṣe lọ́dún yẹn, ó dámọ̀ràn pé kí àwọn tó ń wọ kòtò mú ẹran kékeré dání, eku tàbí ẹyẹ. Ẹran kékeré ń mí kíákíá, ọkàn rẹ̀ ń lù kíákíá, nítorí náà oró máa ń tètè gun un ju èèyàn lọ.

Wọ́n dán eku náà wò. Ìṣòro eku ni pé bí ara rẹ̀ ò bá yá, ó lè kàn ká jọ sójú kan, èèyàn ò sì ní mọ̀ bóyá ó ń sinmi ni tàbí ó ń kú lọ. Ti canary hàn kedere. Orí igi tínrín kan ló dúró sí nínú àgò. Bí gáàsì bá ti ń mú un, á bẹ̀rẹ̀ sí ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, á sì jábọ́. Fìtílà kékeré ti tó láti rí i. Yàtọ̀ sí èyí, bí ẹyẹ ṣe ń mí kò rí bíi tiwa: afẹ́fẹ́ tuntun ń gba inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kọjá nígbà tó bá ń fà á sínú àti nígbà tó bá ń tú u jáde, nítorí náà ohun tó bá wà nínú afẹ́fẹ́ ń dé ara rẹ̀ kánkán.

Láti nǹkan bí 1911 ni lílo canary ti di ohun tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní àwọn kòtò èédú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ má ṣe rò pé gbogbo awakùsà ló ń gbé ẹyẹ tirẹ̀ kọ́rùn lọ síbi iṣẹ́. Àwọn adóòlà ẹ̀mí ló sábà máa ń mú un dání, nígbà tí wọ́n bá fẹ́ wọ kòtò tí iná ti jó tàbí tó ti bú, láti mọ ibi tí wọ́n lè dé láìfi ẹ̀mí ara wọn ṣòfò. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Science and Industry Museum ní Manchester ní ọ̀kan nínú àwọn àgò tí wọ́n lò. Àgò náà ní ilẹ̀kùn róbótó tí ẹyẹ ń gbà mí, agolo ọ́síjìn kékeré sì wà lórí rẹ̀. Bí ẹyẹ bá ti ṣubú, wọ́n á ti ilẹ̀kùn náà pa, wọ́n á tú ọ́síjìn sí i nínú, ẹyẹ á sì jí padà. Èyí dùn mọ́ mi nínú gan-an. Àwọn ọkùnrin náà kì í kàn fi ẹyẹ ṣòfò. Wọ́n máa ń súfèé fún un, wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀ bí ẹran ọ̀sìn tí wọ́n fẹ́ràn.

Ní ìparí 1986 ni ìròyìn jáde pé ẹ̀rọ mọ̀nàmọ́ná tó ń mọ gáàsì máa gba ipò àwọn canary tó kù ní àwọn kòtò Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n lé ní 200. Ẹyẹ kúrò nínú kòtò, àkànlò èdè dúró.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta kí ẹ tó lò ó

Inú ìtàn yẹn ni ìtumọ̀ ti wá, ìbéèrè mẹ́ta ló sì ń jáde nínú rẹ̀. Bí ìdáhùn sí ọ̀kan bá jẹ́ rárá, ẹ wá ọ̀rọ̀ míì.

Èkíní: ṣé ohun tí mo fẹ́ pè ní canary fara gbá ewu náà fúnra rẹ̀? Agogo tó ń dún bí èéfín bá kún yàrá kì í ṣe canary, nítorí èéfín kì í ṣe é ní nǹkan kan. Ẹni tó ń sọ bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí kì í ṣe canary. Òṣìṣẹ́ tó tú àṣírí ọ̀gá rẹ̀ fún ìjọba náà kì í ṣe canary. “Whistle-blower” ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é, torí ó mọ ohun tó ń ṣe, ó sì lanu sọ ọ́. Canary kò kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó ṣubú ni, àwa la rí ìkìlọ̀ nínú ìṣubú rẹ̀.

Èkejì: ṣé afẹ́fẹ́ kan náà ni òun àti àwọn yòókù ń mí, tó wá jẹ́ pé òun ni kò lágbára tó wọn? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í lò. Bí ilé oúnjẹ kan bá kógbá sílé nítorí olówó rẹ̀ ń ná owó ní ìnákúnàá, kì í ṣe canary fún ilé oúnjẹ tó kù ládùúgbò. Ohun tó pa á kò sí lọ́dọ̀ àwọn yẹn. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ owó gáàsì tó gbẹ́nu sókè ló pa á, tí gbogbo wọn sì jọ ń ra gáàsì kan náà, ọ̀rọ̀ di ti canary.

Ẹ̀kẹta: ṣé àyè ṣì wà fún àwọn yòókù láti sá? Ìwúlò ẹyẹ náà ni pé ó ṣubú nígbà tí ẹsẹ̀ èèyàn ṣì lè gbé e jáde. Bí ewu bá ti kárí gbogbo ilé, kò sí canary mọ́, àjálù ló kù.

Ẹ jẹ́ ká gbé ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an sórí ìwọ̀n yìí. Ní Minamata, ìlú apẹja kan ní Japan, ilé iṣẹ́ kẹ́míkà Chisso ń da omi ìdọ̀tí tó ní mẹ́kúrì, kẹ́míkà olóró kan, sínú òkun. Níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, àwọn ará ìlú bẹ̀rẹ̀ sí rí i pé ológbò wọn ń ṣe bákan. Gìrì ń mú wọn, wọ́n ń pòòyì, wọ́n ń ta kítí, òmíràn á tiẹ̀ já sínú òkun. Àwọn kan pè é ní àìsàn ológbò tó ń jó. Ẹja etíkun yẹn ni ológbò ń jẹ, ẹja yẹn náà ni ọmọdé àti àgbà ń jẹ. Ní oṣù karùn-ún 1956 ni wọ́n tó fi tó àwọn aláṣẹ ìlera létí pé èèyàn ti ń ní àìsàn àìmọ̀dí kan tó ń bá ọpọlọ jà, ọmọ kéékèèké sì wà lára wọn. Ológbò fara gbá a, oúnjẹ kan náà ni wọ́n jọ ń jẹ, àyè sì wà nígbà tí ológbò bẹ̀rẹ̀ sí jó. Ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bẹ́ẹ̀ ni ni ìdáhùn. Nígbà tí ìjọba Japan máa fi gbà pé ilé iṣẹ́ náà ló fà á, ọdún 1968 ti dé. Ẹ fi í sọ́kàn pé canary lè ṣubú kí ẹnikẹ́ni má sì kúrò nínú kòtò. Ìyẹn kò sọ ọ́ di ohun tí kì í ṣe canary.

Ti owó náà ńkọ́? Ní oṣù kẹrin 2007, New Century Financial, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń yá àwọn tí owó wọn kò dúró déédéé lówó láti fi ra ilé, lọ sọ fún ilé ẹjọ́ pé òun ò lè san gbèsè òun mọ́. Canary ni lójú mi: irú gbèsè yẹn nìkan ló gbára lé, àwọn báǹkì ńlá sì ti ra irú gbèsè bẹ́ẹ̀ jọ sílẹ̀. Lehman Brothers, ọ̀kan nínú àwọn báǹkì ńlá Amẹ́ríkà náà, wó ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹsàn-án 2008. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti pe Lehman ní canary, mi ò sì gbà. Lehman kì í ṣe ohun kékeré tó kọ́kọ́ dákú. Nígbà tó ṣubú, òrùlé ló wó.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Bí ẹ ṣe máa tò ó nínú gbólóhùn

Ọ̀rọ̀ orúkọ ni lódindi. “Be”, “serve as”, “act as” àti “be seen as” ni ọ̀rọ̀ ìṣe tó máa ń bá a rìn. Ẹ gbé gbólóhùn yìí yẹ̀ wò: “Small poultry farmers were the canary in the coal mine.” Ohun tó ń sọ ni pé àwọn tó ń sìn adìyẹ níwọ̀nba ni ọ̀wọ́n oúnjẹ adìyẹ kọ́kọ́ mú kógbá sílé, kí ó tó kan àwọn olóko ńlá.

Ẹ kíyè sí i pé “farmers” pọ̀, “canary” sì jẹ́ ẹyọ kan. Kò sí àṣìṣe níbẹ̀, torí gbogbo wọn pa pọ̀ ló jẹ́ ẹyẹ kan. “Canaries in the coal mine” náà tọ̀nà bí ẹ bá fẹ́ kí a rí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. “A canary” la máa ń lò nígbà tí àmì míì lè wà. “The canary” nígbà tí a bá gbà pé òun gan-an ni. “In a coal mine” àti “in the coal mine”, méjèèjì ni àwọn tó ni èdè ń lò, wọ́n sì lè kọ “coalmine” pọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ẹ bá ń sọ ọ́ jáde lẹ́nu, ẹ tẹ “né” àárín “canary” mọ́lẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni àwa sábà máa ń tẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ sọ ẹni tí ewu náà ń bọ̀ wá bá, “for” ni kí ẹ fi sí i: “a canary in the coal mine for the whole egg trade.” Àwọn kan máa ń fi orúkọ ewu fúnra rẹ̀ síwájú “for”, wọ́n á ní “for climate change”. Ẹ ó rí i nínú ìwé ìròyìn ńlá. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ fi ẹni tó ń mí afẹ́fẹ́ náà síbẹ̀, torí gbólóhùn yín á mọ́lẹ̀ sí i.

Bí ẹ bá ti lo odindi rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ lè gé e sí “the canary” lẹ́yìn náà. Ẹ tún lè na àwòrán rẹ̀ gùn díẹ̀: “the canary has stopped singing.” Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí ẹ dà á pọ̀ mọ́ àwòrán míì. “The canary is ringing the bell” ń dun etí, torí ẹyẹ kì í lu agogo. Ẹ má sì lò ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú àròkọ kan. Àwọn oníròyìn ti lò ó títí tó fi fẹ́ ṣá. Ibi tó bá dọ́gba jù lọ ni kí ẹ tọ́jú rẹ̀ dè. Ó bá ìròyìn, àròkọ, ìpàdé ibi iṣẹ́ àti ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ mu. Nínú ìwé àdéhùn tàbí ìwé ilé ẹjọ́, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ ní tààrà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn aládùúgbò rẹ̀

“Red flag” ni èyí tí wọ́n máa ń fi í pè jù. Red flag jẹ́ àmì lásán pé nǹkan kan kù díẹ̀ káàtó: ọkùnrin tó ń parọ́ nípa iṣẹ́ rẹ̀, ilé tí owó rẹ̀ rọ̀jù. Kò sí ẹni tó ti farapa. “Tip of the iceberg” ń sọ pé ohun tí ojú rí kéré sí ohun tó wà nísàlẹ̀. Bí ìṣòro ṣe tóbi tó ló ń wọ̀n, kò sọ ẹni tó kọ́kọ́ kàn. “Sitting duck” náà ní ẹyẹ nínú, àmọ́ ẹni tí kò ní ibi tó máa sá sí ni, tí ọ̀tá lè mú nígbàkígbà. Ó wà nínú ewu lóòótọ́. Kò fi ewu han ẹlòmíràn. “Cry wolf” yàtọ̀ pátápátá, ẹni tó ń pariwo ewu tí kò sí ni.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ ṣọ́ra bó bá jẹ́ èèyàn lẹ fẹ́ pè bẹ́ẹ̀

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi àwòrán yìí sọ̀rọ̀ nípa èèyàn. Ní 1953, Felix Cohen, agbẹjọ́rò Amẹ́ríkà kan tó mọ òfin tó kan àwọn ọmọ onílẹ̀ níbẹ̀ dáadáa, fi ipò wọn wé canary awakùsà: bí ìjọba bá ṣe ń lò wọ́n ni èèyàn lè fi mọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ òṣèlú orílẹ̀-èdè náà ṣì mọ́. Ọ̀rọ̀ náà lágbára, ó sì tọ́.

Síbẹ̀ ewu kan wà nínú rẹ̀. Nínú kòtò, ìwúlò kan ṣoṣo ni ẹyẹ ní: kó ṣubú kí àwa lè yè. Bí mo bá kọ ọ́ pé àwọn tálákà ìlú kan ni canary fún àwọn olówó ibẹ̀, tí mo sì dúró síbẹ̀, ṣe ni mo ń sọ pé ohun tó ṣe àwọn tálákà náà kò tó nǹkan títí di ìgbà tó bá fẹ́ kan olówó. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ irú rẹ̀. Bí ẹ bá pe àwọn èèyàn ní canary, ẹ jẹ́ kí gbólóhùn tó tẹ̀ lé e sọ ohun tó ṣe wọ́n àti ohun tó yẹ ká ṣe fún wọn. Àwọn awakùsà gan-an gbé ọ́síjìn dání fún ẹyẹ wọn. Bí kò bá sí àyè fún gbólóhùn bẹ́ẹ̀, ẹ fi “the first to suffer” rọ́pò rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Canary àwọn oníkọ̀ǹpútà

Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ètò kọ̀ǹpútà á máa gbọ́ ọ lójoojúmọ́. “Canary release” ni kí ilé iṣẹ́ kọ́kọ́ fún ìwọ̀nba àwọn oníbàárà díẹ̀ ní ẹ̀dà tuntun ètò rẹ̀. Bó bá bàjẹ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n á fà á sẹ́yìn kó tó dé ọ̀dọ̀ gbogbo ayé. Ìdí nìyí tí Google fi pe ẹ̀dà Chrome, ètò tí a fi ń wo íńtánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń tún ṣe lójoojúmọ́ ní Chrome Canary. Àárín àwọn wọ̀nyí nìkan ni “to canary” ti jẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣe. “Stack canary” ni nọ́ńbà kan tí wọ́n máa ń gbìn sínú ìrántí kọ̀ǹpútà. Bí ètò kan bá kọ̀wé kọjá ààyè rẹ̀, nọ́ńbà yẹn ló máa kọ́kọ́ bàjẹ́, ètò náà á sì dá ara rẹ̀ dúró kí olè tó ráyè.

“Warrant canary” ló wù mí jù nínú wọn. Ní Amẹ́ríkà, ìjọba lè fún ilé iṣẹ́ ní àṣẹ ìkọ̀kọ̀ pé kó kó ọ̀rọ̀ oníbàárà rẹ̀ wá, kó sì kà á léèwọ̀ fún un láti sọ fún ẹnikẹ́ni. Ilé iṣẹ́ á wá máa kọ ọ́ sínú ìjábọ̀ rẹ̀ pé òun kò tíì gba irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ rí. Ọjọ́ tí gbólóhùn yẹn bá pòórá, kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ọlọ́gbọ́n ti mọ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Reddit, ìkànnì íńtánẹ́ẹ̀tì tí àwọn èèyàn ti ń fọ̀rọ̀ jomi tooro ọ̀rọ̀, nìyí: gbólóhùn náà wà nínú ìjábọ̀ 2014, nígbà tí ìjábọ̀ 2015 máa jáde ní 2016, a ò rí i mọ́.

Ìgbésẹ̀ keje: Bí ẹ bá fẹ́ gbé e wá sí Yorùbá

Bí ìtumọ̀ bá jẹ́ iṣẹ́ yín, ẹ má ṣe kọ “ẹyẹ kánárì inú kòtò èédú” sílẹ̀ kí ẹ sì máa lọ. Ẹni tí kò mọ ìtàn á máa wo ẹyẹ. Èyí tó máa ń bọ́ sí i jù ni kí ẹ sọ ọ́ ní tààrà: “Àwọn tó ń sìn adìyẹ níwọ̀nba ni ọ̀wọ́n oúnjẹ adìyẹ kọ́kọ́ bá fínra, bó pẹ́ bó yá, á kan àwọn olóko ńlá.” Apá méjèèjì gbọ́dọ̀ hàn, ẹni tó kọ́kọ́ kàn àti ẹni tó kù.

Òwe tó sún mọ́ ọn jù ni “Pàṣán tí a fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó.” Ó sọ pé ohun tó ṣe ẹni ìṣáájú ń bọ̀ wá ṣe ẹni ẹ̀yìn, ó sì fi àyè sílẹ̀ fún ìyàwó láti tètè mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ló di pàṣán mú. Nítorí náà, bó bá jẹ́ ìjọba, onílé tàbí ọ̀gá ló ń fi ìyà jẹni, òwe yìí á bọ́ sí i gan-an. Bó bá jẹ́ àrùn, ọ̀dá tàbí omi tó ti bàjẹ́, tí kò sí ẹni tó gbé ọwọ́ sókè, á tì í. Ẹ tún wò ó pé ìyálé kì í ṣe aláìlágbára nínú ilé. “Ẹni tó lẹ́gẹ́ ló kọ́kọ́ kàn” kò sí nínú òwe náà.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹyẹ inú “Ohun tó ṣe àkàlàmàgbò tó fi dẹ́kun ẹ̀rín rínrín, bó bá ṣe igúnnugún, á wokoko mórí ẹyin” tàn yín. Bí ìyà ṣe wúwo tó àti ẹni tó lè fara dà á ni òwe yẹn ń sọ. “Bí a bá rántí ikú Gáà, ká sọ òótọ́” náà jẹ́ ìkìlọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ara rẹ̀ ni Baṣọ̀run Gáà fi ṣe ara rẹ̀. Canary kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ dán ara yín wò

“The first rain in March is the canary in the coal mine for the planting season.” Kò tọ́. Òjò kì í ṣe ewu, kò sì sí ẹni tó fara gbá nǹkan kan. “The first sign” ti tó.

“The korope drivers who parked their buses were the canary in the coal mine for Lagos transport.” Ó tọ́. Owó ọwọ́ oníkórópe kò tó ti onímọ́tò ńlá, epo kan náà ni wọ́n jọ ń rà, àwọn yòókù sì ṣì wà lójú ọ̀nà.

“The auditor's report was a canary in the coal mine.” Kò tọ́. Ìjábọ̀ kì í dákú. Ẹ kọ “a warning”, tàbí kí ẹ sọ pé ẹ̀ka kékeré tí ìjábọ̀ náà rí pé owó ti tán lọ́wọ́ rẹ̀ ni canary.

“The collapse of the bridge was a canary in the coal mine.” Èyí gba ìrònú. Bó bá jẹ́ afárá ńlá tí gbogbo ìlú ń gbà ló wó, àjálù nìyẹn. Bó bá sì jẹ́ afárá ẹlẹ́sẹ̀ kékeré kan ló wó, tí agbaṣẹ́ṣe kan náà fi sìmẹ́ǹtì kan náà kọ́ àwọn ńlá tí ọkọ̀ ṣì ń gbà lójoojúmọ́, gbólóhùn náà dúró dáadáa. Ẹ kàn fi ohun tó kù kún un: “The collapse of the footbridge was a canary in the coal mine for every bridge that contractor had built.”